Ìṣẹ́gun jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìpàdánù jẹ́ ti ẹnì kan

Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Leicester gba ife ẹ̀yẹ líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu ya gbogbo ayé. Leicester kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó ńlá bíi Chelsea tàbí Manchester United, kò sì gba ife náà rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àwọn tí ń gba tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá fi owó kan ṣoṣo ta tẹ́tẹ́ lórí Leicester yóò gba ìlọ́po 5,000 bí ó bá jẹ. Ọkùnrin tó darí ẹgbẹ́ náà ni Claudio Ranieri, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, FIFA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní gbogbo àgbáyé, fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Leicester lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n gba ife títí di ọjọ́ tí wọ́n lé ẹni tó darí wọn gbà á, kò pé oṣù mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Àwọn mìíràn sọ pé iṣẹ́ ni iṣẹ́, àná kì í ṣe òní. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Tógò, ó ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá yẹ àwọn ìtàn wọ̀nyí wò yóò rí i pé àìsàn kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá borí, olówó ẹgbẹ́, àwọn aláṣẹ àti àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ a jọ pín ògo náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá pàdánù, orí akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ni wọ́n ń di gbogbo ẹrù lé. Ìyẹn kò tọ́, kì í sì í sábà ṣe ẹgbẹ́ láǹfààní.

Iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ẹni tí àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pè ní entraîneur. Òun ló ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bí wọn yóò ṣe sáré, bí wọn yóò ṣe dúró, àti bí wọn yóò ṣe pín bọ́ọ̀lù fún ara wọn. Òun ló ń yan àwọn 11 tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni owó. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́, òun nìkan kọ́ ló ń pinnu ẹni tí wọn yóò rà àti ẹni tí wọn yóò tà. Òun kọ́ ló ń san owó oṣù. Bí eré bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó dúró sí. Kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ Leicester fi èyí hàn. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ife tán ní ọdún 2016, Chelsea wá ra N'Golo Kanté, ọmọ Faransé tó ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì láàárín pápá. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Chelsea ló gba ife líìgì, Leicester sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2017, ipò 17 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ 20. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó bá gbẹ́yìn ni yóò jábọ́ sí ìpele kejì, níbi tí owó kò ti pọ̀. Ẹ̀rù ba àwọn tó ni ẹgbẹ́. Wọn kò lè lé gbogbo agbábọ́ọ̀lù, wọn kò sì lè lé ara wọn. Ranieri ni ọwọ́ wọn tó.

Bí káfíńtà bá kan àga tó dára lánàá, tí wọ́n wá gba ayùn tó mú lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, tí àga tuntun sì wọ́, ó yẹ kí wọ́n bi káfíńtà léèrè. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n bi ẹni tó gba ayùn náà léèrè pẹ̀lú.

Ẹni tó gba orí ọ̀sà wá sí Àjàṣẹ́

Àwọn ará Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, rántí oṣù Kẹta ọdún 2021 dáadáa. Ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, wọ́n gba orí ọ̀sà wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò ti ń ṣe láti ayébáyé. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, wọ́n pàdé ikọ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní pápá ìṣeré Charles de Gaulle. Eré ti ń parí lọ, kò sí góòlù kankan, kí Paul Onuachu tó fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Nàìjíríà borí pẹ̀lú góòlù 1 sí òdo. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó ń darí àwọn àlejò náà, ni Gernot Rohr, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Jámánì.

Rohr ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ọdún 2016. Ó mú Nàìjíríà dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018. Ó mú wọn gba ipò kẹta nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2019. Ní ọdún 2021, wọ́n tún yege láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tí wọn yóò ṣe ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì dé ìpele ìkẹyìn ìdíje tí yóò gbé wọn lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Òótọ́ ni pé inú àwọn ènìyàn kò dùn sí bí ikọ̀ náà ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Òótọ́ sì ni pé ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n pàdánù nílé, ní Èkó, lọ́wọ́ ikọ̀ Central African Republic tí kò lókìkí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà lé Rohr. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù.

Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Wọ́n fi Austin Eguavoen sípò fún ìgbà díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: ikọ̀ náà borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni Tùnísíà lé wọn jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n pàdé Gánà lẹ́ẹ̀mejì. Òdo sí òdo ni ní Kumasi, 1 sí 1 ni ní Abuja. Nítorí góòlù tí Gánà gbá sílé onílé, Gánà ló lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Nàìjíríà jókòó sílé. Ní ọdún yẹn kan náà, FIFA pàṣẹ pé kí àjọ Nàìjíríà san owó tó lé ní 377,000 dọ́là fún Rohr, nítorí pé wọ́n lé e kí àdéhùn rẹ̀ tó parí. Owó lọ, ife kò wá.

Kò sí ẹni tó lè búra pé Rohr ìbá ti borí Gánà. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: àwọn tó lé e kò ṣètò ẹlòmíràn sílẹ̀ kí wọ́n tó lé e. Wọ́n wó ilé kí òjò tó dé, wọn kò sì ní ibòmíràn tí wọn yóò sá sí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gba Rohr síṣẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ní ìlú Abidjan, Bẹ̀nẹ̀ borí Nàìjíríà pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Jodel Dossou àti Steve Mounié ló gbá góòlù méjèèjì wọlé. Ẹni tí Nàìjíríà lé ní ọdún 2021 ló jókòó sí ìhà kejì pápá tó ń yọ̀.

Ayọ̀ náà kò wà títí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Nàìjíríà gbẹ̀san ní ìlú Uyo pẹ̀lú góòlù 4 sí òdo, ó sì já ìrètí Bẹ̀nẹ̀ láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ọjọ́ ìbànújẹ́ ni fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ikọ̀ náà ló wà lókè tábìlì kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìbínú ọjọ́ kan kò lé Rohr lọ. Òun náà ló tún darí ikọ̀ lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Morocco ní oṣù Kejìlá. Ohun tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe yìí yẹ fún ìyìn, nítorí ó ṣòro láti ṣe nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń bínú.

Keshi, ẹni tí wọ́n lé tí wọ́n sì tún pè padà

Ìtàn Stephen Keshi tún dunni ju ti Rohr lọ. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó sì gba bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ títí tó fi di olórí ikọ̀ tó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà ní ọdún 1994. Lẹ́yìn tí ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní ọdún 2004, Tógò gbé ikọ̀ wọn lé e lọ́wọ́.

Tógò jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré, kò sì dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Sẹ̀nẹ̀gà wà nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú wọn, Sẹ̀nẹ̀gà tó borí Faransé ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Tógò borí Kóńgò ní Brazzaville pẹ̀lú góòlù 3 sí 2, ó sì yege. Fún orílẹ̀-èdè tí kò dé ibẹ̀ rí, ìyege yìí dà bí ife ẹ̀yẹ fúnra rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tógò lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì. Wọ́n pàdánù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aáwọ̀ wà láàárín Keshi àti Emmanuel Adebayor, ẹni tó gbá góòlù 11 wọlé nínú ìdíje tó gbé Tógò dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, àwọn aláṣẹ yọ Keshi, wọ́n sì fi Otto Pfister, ọmọ Jámánì, rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó lànà kò bá wọn dé ibi tí ọ̀nà náà já sí.

Ní oṣù Kẹfà, ní ilẹ̀ Jámánì, wàhálà owó àjẹmọ́nú bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn aláṣẹ Tógò. Pfister fúnra rẹ̀ bínú kúrò nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí ó tó tún padà. Gúúsù Kòríà borí wọn, Switzerland borí wọn, Faransé náà borí wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni, ọ̀rọ̀ àwọn tó di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọdún 2007, Tógò tún ránṣẹ́ pe Keshi kan náà padà. Bí kò bá mọ iṣẹ́, kí ni wọ́n pè é padà fún? Bí ó bá sì mọ iṣẹ́, kí ni wọ́n lé e fún?

Lẹ́yìn náà ni Keshi gba iṣẹ́ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, ó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Sunday Mba ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi borí Bùrùkínà Fasò. Kí Keshi tó ṣe é, Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló ti gba ife yìí rí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ìlù ṣì ń dún ní Èkó, Keshi sọ lórí rédíò kan ní Gúúsù Áfíríkà pé òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń ròkè nígbà náà ni pé àwọn aláṣẹ ti ń múra láti lé e láàárín ìdíje, bí Côte d'Ivoire bá borí wọn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n egbò náà kò jinná. Ní ọdún 2014, ó mú Nàìjíríà kọjá ìpele àkọ́kọ́ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Brazil. Lẹ́yìn èyí, ikọ̀ náà kò yege láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2015. Wọ́n lé e, wọ́n pè é padà, wọ́n sì tún lé e ní oṣù Keje ọdún 2015. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016, Keshi kú ní ìlú Bìní ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ yẹn, ìyìn ni gbogbo ẹnu ń sọ.

Bẹ̀nẹ̀ náà ti ṣe é rí

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Bẹ̀nẹ̀ fi Nàìjíríà tàbí Tógò ṣe ẹlẹ́yà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ikọ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Àǹgólà. Wọn kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, àjọ bọ́ọ̀lù lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, Michel Dussuyer, ọmọ Faransé, wọ́n sì tú gbogbo ikọ̀ náà ká. Ó dà bí ẹni tó rí eku kan nínú ilé tó wá ti iná bọ ilé náà.

Ní ọdún 2018, Bẹ̀nẹ̀ tún gba Dussuyer padà. Ní ọdún 2019, ní Íjíbítì, ó mú ikọ̀ náà dé ibi tí wọn kò dé rí. Wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Guinea-Bissau, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi pẹ̀nárítì lé Morocco jáde, wọ́n sì wọ inú àwọn mẹ́jọ tó kù. Góòlù 1 péré ni Sẹ̀nẹ̀gà fi borí wọn. Ẹni tí wọ́n ti lé rí náà ni ó ṣe gbogbo èyí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n tún fún un láyè.

Ohun tí àwọn tó ń lé ènìyàn ń sọ

Ó tọ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn aláṣẹ pẹ̀lú, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá ń rì, wọn kò lè máa kí awakọ̀ fún ìrìn àjò ọdún tó kọjá. Wọ́n sì ní àpẹẹrẹ tí wọ́n lè tọ́ka sí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Côte d'Ivoire gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Equatorial Guinea fi góòlù 4 sí òdo nà wọ́n nínú ilé wọn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Jean-Louis Gasset tó ń darí wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Emerse Faé, igbákejì rẹ̀, bọ́ sí ipò náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, Côte d'Ivoire borí Nàìjíríà 2 sí 1, ó sì gba ife. Ní Leicester pẹ̀lú, lẹ́yìn tí wọ́n lé Ranieri, igbákejì rẹ̀, Craig Shakespeare, gba ipò náà, ẹgbẹ́ náà kò sì jábọ́. Ipò 12 ni ó parí sí.

Àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí jẹ́ òótọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n pamọ́. Ìgbà mìíràn wà tí ìyípadà a máa so èso. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú wọn tí àwọn aláṣẹ kì í sọ. Èkíní ni pé, ní ibi méjèèjì, ẹni tó gba ipò náà ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Ó mọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ tí ẹni tó lọ ti gbìn sílẹ̀ ni ẹni tó dé wá kórè. Èkejì ni pé ẹni tó bá fi ìlénikúrò ṣe oògùn lẹ́ẹ̀kan kì í mọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Shakespeare tó gba Leicester là ní oṣù Karùn-ún, oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n lé òun náà. Roberto Di Matteo gba ife àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù fún Chelsea ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012. Nígbà tí ó fi di oṣù Kọkànlá ọdún náà, Chelsea ti lé e. Bẹ́ẹ̀ ni Chelsea kò gba ife yẹn rí kí ó tó gbà á fún wọn.

Ohun tó yẹ kí àwọn tó ni ẹgbẹ́ ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá gba ife lẹ́ẹ̀kan máa jókòó sórí àga títí ayé. Ìgbà kò lọ bí òréré. Ẹni tó mọ ọ̀nà lánàá lè ṣìnà lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí à ń gbà lé ènìyàn, ọ̀nà sì wà tí à ń gbà dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n ṣe kí ọ̀kan má baà pa èkejì.

Èkíní, kí ìwé àdéhùn ṣe kedere. Kí wọ́n kọ sínú rẹ̀ iye ọdún tí iṣẹ́ náà yóò gbà, ohun tí wọ́n ń retí, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọwọ́ kò bá tẹ ohun náà. Kí ẹgbẹ́ kà á, kí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ náà kà á, kí àwọn méjèèjì tó fọwọ́ sí i. Ìwé àdéhùn Rohr ló gba ẹjọ́ rẹ̀ rò níwájú FIFA. Bí kò bá sí ìwé, ẹnu lásán ni ìbá máa fi jà. Ẹ̀kọ́ yìí kan télọ̀, kan awakọ̀, kan ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́ lóru. Ẹni tó bá lè kàwé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ sí ohun tí kò kà.

Èkejì, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́. Kí wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló nílò, kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀bi tirẹ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ pé owó oṣù tí kò dé, tàbí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n tà, ni gbòǹgbò ìṣòro náà. Bí wọ́n bá lé e láìbéèrè, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò bá ìṣòro kan náà nínú ilé.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn aláṣẹ jíhìn. Bí wọ́n bá lé ènìyàn, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n sì sọ iye tí yóò ná ẹgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, owó ìlú ló ń gbọ́ bùkátà ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Owó tí wọ́n fi ń san ìtanràn lè jẹ́ owó tí ìbá tún pápá ìṣeré àwọn ọmọdé ṣe. Kí ẹni tó yan akọ́nimọ̀ọ́gbá gba ìpín tirẹ̀ nínú ìpàdánù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ya fọ́tò pẹ̀lú ife lọ́jọ́ ìṣẹ́gun.

Àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Dragons de l'Ouémé ti Àjàṣẹ́ wà lára àwọn tó ti gba ife orílẹ̀-èdè lọ́pọ̀ ìgbà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ife kì í ti ọ̀run já bọ́. Ènìyàn ló ń kọ́ni, ènìyàn ló ń sáré, ènìyàn ló ń fọ aṣọ, ènìyàn ló ń gé koríko pápá. Bí gbogbo wọn bá rí i pé ẹni tó gba ife lọ́dún yìí ni wọ́n tì síta lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ọkàn ṣiṣẹ́ mọ́. Kálukú yóò máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wo èyí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò dára: pé iṣẹ́ rere kò ní ìrántí.

Ènìyàn tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Nínú ilé Yorùbá, bí àlejò bá fẹ́ máa lọ, onílé a máa sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ kí àlejò náà sùn síbẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé ó wá, ó sì ṣe é lóore. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife wálé ṣe ju àlejò lọ. Bí àkókò bá tó tí wọ́n fẹ́ kí ó lọ, kí wọ́n san owó rẹ̀ pé, kí wọ́n sọ òtítọ́ fún un lójú, kí wọ́n sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé òun náà ni wọn yóò tún ránṣẹ́ sí lọ́la, bí Tógò ti ránṣẹ́ sí Keshi, bí Bẹ̀nẹ̀ ti ránṣẹ́ sí Dussuyer. Ó sì lè jẹ́ pé ìhà kejì pápá ni wọn yóò ti pàdé rẹ̀, bí Nàìjíríà ti pàdé Rohr ní Abidjan.